Ìtọ̀ Ṣúgà: Ẹ Má Dúró De Èèrà

Ẹ̀kọ́ wa ti ìdá mẹ́rin ọdún yìí dá lórí àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí ìtọ̀ ṣúgà. A rọ àwọn olórí kíláàsì kí wọ́n kà á sókè fún àwọn ìyá tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ara wa bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àìsàn dá ọ̀kan nínú wa dúbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́. Àwa mẹ́fà la lọ kí i lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan. Bí àṣà wa, a kò lọ lọ́wọ́ òfo. A ra mọ́ọ̀tì páálí kan, a ra búrẹ́dì ńlá méjì, a ra bisikíìtì, a sì ra èso díẹ̀ lé e. A gbàdúrà, a kọrin, a jókòó tì í. Kí a tó dìde, ọ̀kan nínú wa ṣí mọ́ọ̀tì, ó dà á sínú ife, ó ní kí ìyá mu ún kí ara rẹ̀ lè tètè le. Ìyá mu ún tán, ó tún béèrè òmíràn, nítorí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ibi tí a ti ń da ìkejì ni nọ́ọ̀sì kan ti wọlé, ọmọdébìnrin tí kò ju ọmọ-ọmọ wa lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó wo ife, ó wo wa. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ ṣeun tí ẹ wá kí wọn o. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, ṣúgà màmá yìí ga ju ohun tí ẹ̀rọ wa lè kà lọ."

Kò sí ẹni tó lè fèsì. Àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, ọdún márùndínlógójì la fi dúró níwájú pátákó tí à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, títí kan ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àti ìlera, a kò sì mọ̀ pé ìfẹ́ tí a gbé wá nínú páálí lè ṣe ẹni tí a wá kí ní jàǹbá. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Kì í ṣe mọ́ọ̀tì wa ló gé e. Egbò ló wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fún oṣù méjì, tí ó ń fi ìró bò ó mọ́lẹ̀ wá sí ìpàdé, nítorí àwọn ará ilé ti sọ fún un pé nǹkan ni wọ́n dè é sílẹ̀ tí ó tẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo oṣù méjì yẹn ni a fi jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lórí àga kan náà, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó bi í léèrè ohun tó ń mú un tiro.

Láti ọjọ́ náà la ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, tí a sì ń kàwé lórí rẹ̀. Ohun tí a rí nìyí.

KÍ NI ÌTỌ̀ ṢÚGÀ?

Nígbà tí a bá jẹ iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, iṣu tàbí búrẹ́dì, ara a lọ̀ ọ́ kúnná, a sì sọ ọ́ di irú ṣúgà kan tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe ṣúgà inú tíì nìkan là ń sọ. Ẹ̀bà tí ó kan lẹ́nu, ṣúgà ni yóò dà bí ó bá dé inú ẹ̀jẹ̀. Ara sì nílò ṣúgà yìí. Òun ni agbára tí a fi ń rìn, tí a fi ń ronú, tí ọkàn wa fi ń lù. Ṣùgbọ́n kò lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara fúnra rẹ̀. Ó dà bí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà, tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ló ń ṣe é. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí, tàbí bí ihò kọ́kọ́rọ́ bá ti dípẹtà, àlejò á kún ìta, ebi á sì máa pa àwọn tó wà nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń jẹun gan-an tí ó sì ń rù.

Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, tí í ṣe asẹ́ ara, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú ìtọ̀. Ṣúgà kì í sì í dá jáde, omi ló máa ń fà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìtọ̀ á pọ̀, òùngbẹ á sì dé. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un ti sọ gbogbo rẹ̀: kí ènìyàn máa tọ̀ títí yóò fi gbẹ. Wọ́n sì mọ̀ pé èèrà máa ń ṣù bo ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ sí. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ náà rí èèrà yìí, wọ́n sì pe àìsàn náà ní ìtọ̀ oyin.

Ọgbọ́n ni, a kò kó o dànù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọgbọ́n náà kò lè ṣe fún wa. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣúgà kì í dé inú ìtọ̀ àfi bí ó bá ti kọjá nǹkan bí 180 nínú ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn àgbà, ó tilẹ̀ lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ìtọ̀ tó fi hàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láàárọ̀, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti tó 126, ti wọ inú àìsàn náà. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 126 àti 180. Inú àlàfo yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá ń gbé fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ń wo ilẹ̀ tí wọn kò rí èèrà, tí wọ́n ń sọ pé àlàáfíà ni àwọn wà. Ojú ń bàjẹ́ lọ, kíndìnrín ń bàjẹ́ lọ, ẹsẹ̀ ń kú lọ.

ORÍṢI RẸ̀

Oríṣi kìíní máa ń mú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù, bí ó tilẹ̀ lè mú àgbà. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ni wọ́n kọjú ìjà sí ibi tí ínsúlínì ti ń wá, tí wọ́n sì bà á jẹ́. Kì í ṣe ṣúgà tí ọmọ lá ló fà á, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀. Títí di 1921, kò sí ohun tí a lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju pé kí a máa wò ó títí yóò fi kú. Ní ọdún náà ni Frederick Banting àti Charles Best, ní ìlú Toronto ní Kánádà, rí bí a ṣe lè yọ ínsúlínì láti ara ẹran. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tó ti ń kú lọ, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa. Wọ́n tún oògùn náà ṣe kí ó mọ́ sí i, wọ́n tún un fún un lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọmọ náà sì dìde. Ọdún mẹ́tàlá ló tún lò láyé. Ọjọ́ ìbí Banting, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ni gbogbo ayé fi ń rántí àìsàn yìí lọ́dọọdún.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín. Ní ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó máa ń tọrọ àyè láti jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ẹ̀kọ́ kan tó parí. Bí ó bá dé ìdí àmù, á mu omi bí ẹni pé kò mu rí. Ó ń rù, ó ń sùn lórí tábìlì. A pè é ní ọ̀lẹ, a sì nà án. Nígbà tí a wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n ní ọmọ náà ti kú. A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àìsàn yìí ni, nítorí kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ nílé, bí ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní bá tún ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, tí omi kò tó o mu, tí aṣọ ń tóbi sí i lára, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ti ń bì, tí èémí rẹ̀ ń yára, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù, wákàtí ló kù, kì í ṣe ọjọ́.

Oríṣi kejì ló pọ̀ jù. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní ìtọ̀ ṣúgà láyé, ó ju mẹ́sàn-án lọ tó jẹ́ irú èyí. Níhìn-ín, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà, ihò rẹ̀ ló dípẹtà. Pancreas á máa rọ kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ sí i kí ilẹ̀kùn lè ṣí, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń mú un wá kò ṣòro láti mọ̀: ọ̀rá ikùn, ìjókòó pípẹ́, oúnjẹ tó pọ̀ ju iṣẹ́ tí ara ń ṣe lọ, ọjọ́ orí, àti ìdílé. Bí bàbá tàbí ìyá ẹni bá ní in, kí onítọ̀hún máa ṣọ́ra ju aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, kí la fẹ́ ṣe sí i?" Ẹ gbọ́ èyí. Ní 1997, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Nàìjíríà, ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Àwọn ti Nàìjíríà ni àìsàn náà kéré jù lọ láàárín wọn, ti Kàríbíánì wà ní àárín, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe ń sanra sí i láti ibì kan dé èkejì ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìgbé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń fi ẹsẹ̀ lọ oko, tí a ń fi ẹsẹ̀ lọ odò. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, orí àga la ti ń tajà láti àárọ̀ di alẹ́, mínírà ló sì ti gba ipò omi níbi àríyá. Àwa náà ti kó lọ sí Amẹ́ríkà láìwọ ọkọ̀ òfúrufú. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù: àwọn dókítà ibẹ̀ kì í dúró kí ènìyàn dúdú tó pé ogójì ọdún kí wọ́n tó kà á mọ́ àwọn tí àìsàn yìí lè mú. Láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń kà á.

Oríṣi kẹta ni ti aboyún. Oyún máa ń mú kí kọ́kọ́rọ́ le láti yí, àwọn ìyá kan kò sì ní ínsúlínì tó láti borí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa ìyá àgbà máa ń yọ̀ bí ọmọ bá tóbi gan-an nígbà tí a bí i, ṣùgbọ́n ọmọ tó tóbi jù lè jẹ́ àmì pé ṣúgà ìyá rẹ̀ ga nínú oyún, ó sì lè mú ìbímọ le. Ṣúgà náà sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbí. Kí ìyá náà má ṣe rò pé ó ti tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn ìbí, kí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà láti ìgbà dé ìgbà, nítorí oríṣi kejì fẹ́ràn láti padà sí ilé irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí a kò ní dúró lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń ra oògùn ìsanra nílé kẹ́míìsì kí ìdí lè yọ, ẹ mọ̀ pé irú oògùn tí wọ́n sábà ń kó pọ̀ fún un máa ń gbé ṣúgà ga.

ÀYẸ̀WÒ

Kí ènìyàn máa tọ̀ lóru léraléra, òùngbẹ, rírù láìnídìí, ojú tó ń ṣe bàìbàì, egbò tí kò san, ojú ara tó ń yún wa ṣáá, àárẹ̀: àmì ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ní àmì kankan, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ má jẹun láti alẹ́, kí wọ́n gún ọmọ ìka yín láàárọ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 100, ó dára. Láti 100 dé 125, ẹ ti wà ní ẹnu ààlà. Bí ó bá jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn tí ó rí bẹ́ẹ̀, àìsàn náà ti wà. Àwọn ilé àyẹ̀wò kan máa ń kọ 7.0 dípò 126. Ohun kan náà ni, ìṣirò ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tó sanra níkùn, tàbí tí ẹbí rẹ̀ ní in, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọdún mẹ́ta kọjá láìṣe é.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí lọ yẹ ara wa wò. A rò pé ara wa le. Iye tí wọ́n kọ fún wa ni 117. Ẹnu ààlà. Ní ọjọ́ náà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a kò lè dìde fún ìgbà díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ arábìnrin wa là ń rí.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Oríṣi kejì ni a lè dènà tàbí kí a sún un síwájú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àwọn ènìyàn tó wà ní ẹnu ààlà jọ, wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tí wọ́n kọ́ láti dín oúnjẹ kù díẹ̀ kí wọ́n sì máa rìn, àìsàn náà fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn. Àwọn tí wọ́n fún ní oògùn metformin, ìdá 31 ló fi dín kù láàárín tiwọn. Ẹsẹ̀ ju oògùn lọ! Kí ni wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe? Kí ẹni tó wọn kílò 80 dín kílò márùn-ún sí mẹ́fà kù, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ní ọjọ́ márùn-ún. Àwa ń fi ẹsẹ̀ lọ sí ìpàdé báyìí. Àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní àwọn ará àdúgbò á rò pé àwọn kò lè san owó ọkọ̀ fún ìyá àwọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 98 ni wọ́n kọ fún wa.

Ní ti oúnjẹ, ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe orúkọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ti fi ìyà jẹ ara wọn nítorí pé wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, wíìtì àti ẹ̀wà nìkan ni aláìsàn yìí lè jẹ. Ìyá kan ní ọ̀dọ̀ wa ń jẹ àmàlà dúdú bí òkè, ó ní kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ nítorí pé ó dúdú. Iṣu kọ́ ni wọ́n fi ṣe èlùbọ́ ni? Ẹ jẹ àmàlà yín, ẹ jẹ ẹ̀bà yín, ṣùgbọ́n kí òkèlè gbogbo rẹ̀ má ju ẹ̀ṣẹ́ yín lọ. Ẹ fojú pín àwo sí méjì: kí ẹ̀fọ́, ilá, ewédú tàbí gbúre gba ìlàjì kan. Ẹ tún ìlàjì kejì pín sí méjì fún òkèlè àti fún ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà. Àwa Yorùbá ti máa ń fi ọbẹ̀ díẹ̀ sin òkèlè púpọ̀. Ẹ yí i padà. Ẹ jẹ ọsàn, ẹ má fún un mu. Ní ti mínírà, ìgò ńlá kan lè ní ṣúgà tó kóró mẹ́wàá nínú, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó máa fi kóró mẹ́wàá sínú ife tíì kan. Mọ́ọ̀tì kò sàn jù ú lọ, bí a tilẹ̀ ń pè é ní oúnjẹ ara. Oyin náà, ṣúgà ni.

Ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹ wọn àyíká ikùn yín. Bí ó bá ju ínǹṣì 35 lọ, ewu ti pọ̀. Láti bí ínǹṣì 32 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra.

FÚN ÀWỌN TÓ TI NÍ IN

Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ nítorí pé ara yín yá. Oògùn ló mú un yá. A kò bú ewé. Inú ohun tí wọ́n rí lára ewé kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti wá dé orí metformin. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ iye tó tó àti iye tó léwu. Àgbo inú ìgò, ta ló wọ̀n ọ́n? Ẹ jẹ ewúro yín nínú ọbẹ̀, kí ẹ sì lo oògùn dókítà. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì, kì í ṣe pé wọ́n ti dájọ́ ikú fún yín. Kọ́kọ́rọ́ tó tán nínú ilé ni ẹ ń rà níta. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ lè dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, kí ẹ sì gbé ìkòkò náà sínú iyanrìn tútù níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ má jẹ́ kí ó di yìnyín, nítorí ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kàn wá gidigidi. Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ láì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì fi ojú aláìgbàgbọ́ wò ó. Ṣúgà lè já wálẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí arábìnrin tó ń làágùn lójijì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń sọ̀rọ̀ ségesège bí ẹni tó mutí, ẹ má kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ẹ fún un ní kóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ìdajì ife mínírà. Ọjọ́ náà nìkan ni mínírà di oògùn. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún un ṣe, lẹ́yìn náà kí ó jẹun. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ.

Ẹsẹ̀ ni a fẹ́ dúró lé lórí jù. Ṣúgà tó ga fún ìgbà pípẹ́ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ máa ta bí iná, tàbí kí ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ (èèrà tún dé). Lẹ́yìn náà, ìrora á lọ, onítọ̀hún á sì máa dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ti san. Kò san, ó kú ni. Arábìnrin wa sọ fún wa pé òkúta kékeré kan ló wà nínú bàtà tí òun wọ̀ lọ sí ìyàwó ṣíṣe, òun jó títí ilẹ̀ fi ṣú, òun kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà tí òun bọ́ bàtà ni òun rí ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sùn lálẹ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Bí ẹ̀yìn kò bá lè tẹ̀ mọ́, ẹ gbé dígí sílẹ̀, tàbí kí ẹ pe ọmọ kó wò ó. Ẹ wo àárín ọmọ ìka. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, àní nínú ilé. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó kì í bọ ẹsẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ bàtà tó há fún àwọn ọmọdé. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀, ẹ fi ìgúnpá tọ́ omi wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi abẹ gé awọ tó le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ, ẹ fi ìpara pa ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má dé àárín ọmọ ìka. Egbò tó bá kéré bí orí abẹ́rẹ́, kí ẹ gbé e lọ han nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kejì. Ẹni yòówù tí ì báà dè é sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ni yóò wẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú yín, kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò, kí ẹ sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà gbogbo, nítorí àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

A bi arábìnrin wa léèrè ohun tí yóò fẹ́ kí a máa mú wá bí a bá ń bọ̀ wá kí i. Ó ní kí a mú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹyin àti ẹja wá, kí a sì mú ẹnìkan wá tí ojú rẹ̀ ṣì ríran, tí yóò bá òun wo ẹsẹ̀ òsì tó kù, tí yóò sì bá òun gé èékánná rẹ̀. Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì yín: kí la ó máa gbé lọ kí àwọn aláìsàn wa láti ìsinsìnyí lọ? Kí la ó máa fi ṣe àlejò níbi ìpàdé dípò mínírà? Àwọn wo nínú wa ni kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ni yóò sì bá wọn lọ? Ta ló ń tiro láàárín wa, tí a kò tíì bi léèrè?